Epo ni ọ̀tá ṣọ́tà: ìrírí mi lórí títún kámẹ́rà onífíìmù ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtijọ́ tí wọ́n máa ń sọ pé ṣọ́tà rẹ̀, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù, ti kú, ṣọ́tà náà kò kú, kò sì sí ohun tó kán níbẹ̀. Epo ló dì í mú. Ó lè jẹ́ epo tí wọ́n fi sí i lára láti ilé-iṣẹ́, tó ti pẹ́ débi pé ó ń lẹ̀ bí oje igi. Ó sì lè jẹ́ epo tí ẹnìkan kán sí i lẹ́yìn ìgbà náà, nítorí a ti gbà pé ohun tó bá ń há, epo ni oògùn rẹ̀. Òótọ́ ni fún ilẹ̀kùn àti ọ̀kadà. Ti ṣọ́tà yàtọ̀. Ewé irin inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ìkán epo kan ṣoṣo tó láti so wọ́n pọ̀, sípíríǹgì tó ń fà wọ́n kò sì lágbára tó láti já wọn gbà. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹni tó bá ní kámẹ́rà bàbá rẹ̀ nínú àpótí pé kó má kán epo sí i, kó má sì fi agbára fa ọwọ́ kámẹ́rà náà, ìyẹn ọ̀pá tí a ń fà kí ṣọ́tà lè múra láti ṣí, títí yóò fi mọ ohun tó ń ṣe é.

Kámẹ́rà kò ṣọ̀wọ́n ní Àjàṣẹ́. Láyé ayàwòrán Joseph Moïse Agbodjelou, tí wọ́n bí ní 1912, fótò yíyà ti di iṣẹ́ gidi níhìn-ín, ọmọ rẹ̀ Leonce Raphael Agbodjelou sì gbé iṣẹ́ náà dé gbọ̀ngàn àfihàn lókè òkun. Ohun tí mo máa ń rí jù nínú ilé àwọn ayàwòrán àtijọ́ ni Yashica-Mat àti Rolleicord, àwọn kámẹ́rà olójú méjì tó ń lo fíìmù 120, tí fíìmù kan sì ń gba àwòrán 12 nínú wọn. Pentax K1000 náà wà, èyí tí wọ́n ṣe láti 1976 títí di 1997. Zenit wà pẹ̀lú, nítorí láàárín 1975 sí 1990, nígbà tí ìlú wa ń jẹ́ République Populaire du Bénin, àwọn ọmọ wa lọ kàwé ní Soviet. Gbogbo wọn ló ń jìyà ojú ọjọ́ wa. Ọ̀rinrin ọ̀sà ń wọ̀ wọ́n lára láti oṣù dé oṣù, nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, eruku tó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ á gba àlàfo gbogbo wọlé, á lẹ̀ mọ́ epo àtijọ́ tó wà níbẹ̀, méjèèjì á wá pò pọ̀ di ohun tó ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀.

Irú ṣọ́tà méjì ló ṣe pàtàkì fún wa. Ṣọ́tà eléwé wà láàárín lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀: ewé irin bíi márùn-ún tó ń ṣí láti àárín lọ sí etí, tó sì ń padà. Copal, Compur, Prontor tàbí Seikosha ni orúkọ tí ẹ máa rí lára rẹ̀. Ṣọ́tà aláṣọ wà lẹ́yìn, níwájú fíìmù gan-an: aṣọ dúdú méjì tí wọ́n fi rọ́bà sí lára, tó ń sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Aṣọ kìíní á ṣí ojú fíìmù, aṣọ kejì á tẹ̀lé e láti bò ó. Ní 1/60 ìṣẹ́jú-àáyá, gbogbo ojú fíìmù ló ń ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí fláàṣì K1000 kì í fi í kọjá 1/60. Ní 1/1000, àlàfo tóóró tí kò ju mílímítà díẹ̀ lọ ló ń sáré kọjá láàárín aṣọ méjèèjì. Nítorí náà, bí aṣọ kan bá fi ìwọ̀nba lọ́ra ju èkejì lọ, orí 1/1000 ni àléébù ọ̀hún yóò ti kọ́kọ́ hàn.

Àyẹ̀wò ló ṣáájú ìtúpalẹ̀. Ẹ yọ fíìmù, ẹ ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, ẹ kojú rẹ̀ sí fèrèsé, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì ní gbogbo ìyára tó wà lára rẹ̀, láti orí èyí tó yá jù dé orí èyí tó lọ́ra jù. Ẹ máa wò, ẹ sì máa gbọ́. Bí ṣọ́tà eléwé bá dún ṣùgbọ́n tí ewé kò ṣí, tàbí tó ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ tí kò sì padà mọ́, epo ti dé ojú ewé. Bí ó bá dára láti 1/500 dé 1/60, tó wá di 1/30 tàbí 1/15 kó dúró ní ṣíṣí, ewé kò ní ẹ̀bi. Ẹ̀rọ ìlọ́ra ló dọ̀tí, mo máa dé orí ìyẹn. Bí ọwọ́ tí ẹ fi ń fà á bá ń lọ tó ń bọ̀ láìsí agbára kankan nínú rẹ̀, sípíríǹgì ti yọ tàbí ó ti já, ìyẹn ni ìbàjẹ́ gidi. Bí kò bá ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù nígbà ọyẹ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí oòrùn bá mú, kò sí ohun tó já. Gírísì tó dì láti inú òtútù ni ooru ń tú sílẹ̀.

Ó tún ku irú kan tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n ṣe ìdènà sí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kí èèyàn má baà ya àwòrán méjì lé ara wọn lórí. Bí fíìmù kò bá sí nínú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, bọ́tìnì kì í wọlé rárá. Ẹ má fi ìka tì í. Ẹ wá ọ̀pá kékeré tó wà lára ṣọ́tà fúnra rẹ̀, níbi tí bọ́tìnì ti ń bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ tẹ ìyẹn jẹ́jẹ́. Bí ṣọ́tà bá ṣí tó sì padà, ara rẹ̀ le. Canon AE-1 náà ní tirẹ̀: iná ló ń dá ṣọ́tà rẹ̀ dúró, tí bátìrì 6V rẹ̀ bá sì ti kú, gbogbo rẹ̀ á tì pa. Ẹ fi bátìrì tuntun sí i, kí ẹ nu ibi tó ti ń kan irin, kí ẹ tó sọ pé ó bàjẹ́.

Ní ti irinṣẹ́, síkúrúdíráfà ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Síkúrúù kámẹ́rà Jápáànì ní orí àgbélébùú tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní JIS. Síkúrúdíráfà Phillips tó wọ́pọ̀ lọ́jà kì í wọ inú rẹ̀ dáadáa, á máa yọ, á sì jẹ orí síkúrúù tán. Ìwọ̀n 00 àti 0 ló ń ṣe iṣẹ́ jù. Ẹ wá ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní agbára òòfà, torí òòfà á gbé ewé ṣọ́tà àti sípíríǹgì kúrò ní ipò wọn. Láti yí òrùka iwájú lẹ́ǹsì, ẹ gé díẹ̀ lára túùbù táyà zẹ́mí (ọ̀kadà), ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu páìpù kékeré tàbí ìdérí ìgò tó bá ìbú òrùka náà mu, ẹ tì í mọ́ ọn, kí ẹ sì yí i sí apá òsì. Ó sàn ju ẹ̀mú onírin tí ń ha ojú nǹkan lọ. Síkúrúù tó bá kọ̀, ẹ má bá a jà: ó lè jẹ́ pé wọ́n fi gúlú dì í, ìkán asẹtóònù (omi tó ń yọ ọ̀dà èékánná) kan lórí abẹ́rẹ́ á sì tú u lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n asẹtóònù ń yọ́ ike, ẹ má jẹ́ kó kàn án. Ó sì lè jẹ́ pé apá ọ̀tún ni irú síkúrúù bẹ́ẹ̀ ń ṣí sí. Ẹ máa fi fóònù ya gbogbo ìpele. Ẹ máa fi sẹ́lótéèpù lẹ àwọn síkúrúù mọ́ bébà bí ẹ ṣe ń yọ wọ́n tẹ̀léra, torí gígùn wọn kò dọ́gba, èyí tó gùn tí ẹ bá dá padà sí ihò kúkúrú lè lọ gún ẹ̀rọ abẹ́ rẹ̀.

Omi ìfọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó le jù ní ìlú wa. Epo láítà, èyí tí wọ́n ń tà nínú agolo kékeré fún ìtanná sìgá, ni kí ẹ lò. Ó ń tú gírísì, ó sì ń gbẹ láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Kpayo, ìyẹn bẹntiróòlù inú ìgò ẹ̀bá títì, kò ṣe é fi rọ́pò rẹ̀. Epo mọ́tò ni, wọ́n po àwọn nǹkan mìíràn mọ́ ọn, bí ó bá gbẹ tán, ìyókù rẹ̀ á dúró lójú ewé, á sì tún lẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kerosíìnì náà ń fi ọ̀rá sílẹ̀. Epo inú agolo tí wọ́n ń fọ́n sí nọ́ọ̀tì tó dípẹtà ló burú jù lọ nínú gbogbo wọn: ṣọ́tà á ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, inú olówó rẹ̀ á dùn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti lẹ̀ pa. Kí fèrèsé ṣí sílẹ̀ bí ẹ bá ń lo epo láítà o, kí àdògán tàbí àbẹ́là má sì sí nítòsí, torí èéfín rẹ̀ ń gbaná láti ọ̀nà jíjìn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fọ ṣọ́tà eléwé. Ẹ kọ́kọ́ yọ ìpín iwájú lẹ́ǹsì kí ojú ewé lè hàn. Lára kámẹ́rà olójú méjì, gbogbo pátákó lẹ́ǹsì ló ń jáde tó ń wọlé nígbà tí ẹ bá ń wá fókọ́ọ̀sì, nítorí náà kò sí ewu nínú yíyọ iwájú rẹ̀, tí ẹ bá ti lè dá a padà títí tó fi dúró. Kámẹ́rà tí ń ká pọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́ǹsì iwájú gan-an ni wọ́n ń yí láti fi wá fókọ́ọ̀sì lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ gbé e dé òpin ọ̀nà jíjìn, ẹ fi abẹ́rẹ́ fa ìlà kékeré tó kan òrùka àti ara ṣọ́tà, kí ẹ máa ka iye ìyípo tí ó ṣe kó tó yọ, kí ẹ sì tún fi àmì sí ibi tó ti yọ gan-an. Ọ̀nà tí òrùka náà lè gbà yí wọlé ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ bá dá a padà gba ọ̀nà mìíràn, ilé tó wà lókèèrè kò ní já gaara mọ́ láéláé.

Ẹ gbé ìyára sí B, níbi tí ṣọ́tà ti ń wà ní ṣíṣí níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀, ẹ ṣí ihò lẹ́ǹsì tán dé f/3.5, ìyẹn ibi tó fẹ̀ jù. Ẹ rẹ orí búrọ́ọ̀ṣì kékeré sínú epo láítà kí ẹ sì fi kan ojú ewé. Ìkán méjì sí mẹ́ta tó. Ẹ di kámẹ́rà mú kó dojú kọ yín, kì í ṣe kó nà sílẹ̀ lẹ́yìn, kí epo má baà ṣàn lọ sórí lẹ́ǹsì ẹ̀yìn. Ẹ fà á kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ ní bíi ìgbà mẹ́wàá, ẹ wá fi igi òwú ìnutí tó gbẹ nu ojú ewé ní ṣíṣí àti ní pípadé. Àwọ̀ ilẹ̀ tàbí dúdú tí ẹ máa rí lórí òwú ni ohun tó ń dì í mú. Ẹ tún un ṣe títí òwú á fi máa jáde ní funfun. Bí ihò lẹ́ǹsì náà bá ní epo lójú, ẹ fọ òun náà, nítorí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé, epo rẹ̀ á sì padà lọ sí ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ibi tí sùúrù ti ń tán nìyí. Ewé tó tutù á lẹ̀ mọ́ ara wọn gẹ́gẹ́ bí ewé tó ní epo, nítorí náà ẹ má dá a lẹ́jọ́ kí ó tó gbẹ. Ẹ fi sílẹ̀ ní ìlàjì wákàtí ó kéré tán. Lẹ́yìn náà ẹ fi sílẹ̀ ní pípadé di ọjọ́ kejì, torí ìtẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló ń sọ òtítọ́. Bí ó bá tún lẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé epo láítà ti tú gírísì tó wà nínú ẹ̀rọ lẹ́yìn ewé, ó sì gbé e wá sí iwájú. Fífọ̀ láti iwájú nìkan kò ní tó irú èyí mọ́. Ẹ ní láti ṣí ṣọ́tà. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ lẹ́ǹsì ẹ̀yìn wò. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n bíi ìkùukùu lójú rẹ̀, epo ti kán sí i, ẹ nu ún láti inú kámẹ́rà.

Láti ṣí ti Yashica-Mat, awọ tó bo iwájú ló kọ́kọ́ ń kúrò. Ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mú gúlú rẹ̀ rọ̀, kí ẹ sì fi ègé ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ gbé etí rẹ̀. Ọ̀bẹ á ya á. Lábẹ́ awọ ni àwọn síkúrúù tó di ojú iwájú mú wà. Nígbà tí ìyẹn bá kúrò, ẹ máa rí òrùka ìyára lórí ṣọ́tà, pẹ̀lú àwọn ihò gígùn tó tẹ̀ kọrọkọrọ. Àwọn ẹsẹ̀ kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ń rìn nínú ihò wọ̀nyẹn, ohun tó sì ń yàtọ̀ láàárín 1/500 àti 1/8 kò ju ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró sí lọ. Ẹ ya fótò rẹ̀ kó hàn kedere kí ẹ tó gbé òrùka náà kúrò. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, bí ẹsẹ̀ kan kò bá wọ ihò rẹ̀, òrùka náà á jókòó láìtẹ́jú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ gbé e sókè kí ẹ tún un tò.

Ẹ̀rọ ìlọ́ra ni àkójọ kẹ̀kẹ́ eléyín kéékèèké tó ń dún “sísísí” nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òun ló ń dá ewé dúró ní ṣíṣí fún ìgbà tó yẹ. Eyín rẹ̀ kéré, agbára tó ń wọ̀ ọ́ kò sì pọ̀, nítorí náà ẹ̀gbin tí ìyára gíga kò kà sí á dá a dúró pátápátá. Ó sábà máa ń yọ lódindi pẹ̀lú síkúrúù méjì. Kí ẹ tó tú wọn, ẹ fi abẹ́rẹ́ fa ìlà yí etí rẹ̀ ká: àyè wà lábẹ́ síkúrúù náà láti tì í síwá-sẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣètò ìyára láti ilé-iṣẹ́. Bí ẹ bá dá a padà pẹ̀lú àṣìṣe ìwọ̀n irun kan, 1/8 lè di 1/5. Ẹ rì í sínú epo láítà nínú ìgò tó ní ìdérí fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ mì í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ ọ́ sórí bébà tó mọ́, kì í ṣe aṣọ tó ń tú fọ́nrán. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, epo aago, èyí tí àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe ń lò, ni kí ẹ fi sí i: ẹ ti orí abẹ́rẹ́ bọ epo, ẹ nu abẹ́rẹ́ náà, kí ẹ fi ohun tó kù lára rẹ̀ kan àwọn ibi tí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ti wọ irin. Eyín kò gbọdọ̀ ní epo. Ewé kò gbọdọ̀ ní epo láéláé. Èmi fẹ́ràn kí ẹ̀rọ náà gbẹ pátápátá ju kí epo rẹ̀ fi díẹ̀ pọ̀ lọ, nítorí eruku ọyẹ́ kì í rí ibi lẹ̀ mọ́ lára irin tó gbẹ.

Bí sípíríǹgì bá já ní tòótọ́, ẹ wá ṣọ́tà mìíràn tó jẹ́ irú kan náà, tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ti bàjẹ́, kí ẹ yọ tirẹ̀. Okùn gìtá tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ṣe é ká láti fi rọ́pò àwọn sípíríǹgì kéékèèké kan, ṣùgbọ́n èyí tó ń gbé gbogbo ewé kò ṣe é fi ṣe eré. Ewé tó bá ti tẹ̀ tàbí tí ihò rẹ̀ ti ya, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà. Ìlà tó bá kù lára rẹ̀ á máa ha èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Agbára tí èèyàn fi fa ọwọ́ nígbà tí ewé lẹ̀ pọ̀ ló sábà ń fa irú ìpalára yìí. Ohun méjì mìíràn tún wà tó ń ba ṣọ́tà eléwé jẹ́ lójijì. Àkọ́kọ́ ni aago ìdúró, èyí tó ní àmì V, tó ń mú kí ṣọ́tà dúró díẹ̀ kó tó ṣí: lára ṣọ́tà tí wọn kò tíì fọ̀, ó máa ń há ní àárín ọ̀nà, á sì ti gbogbo rẹ̀ pa. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Èkejì kan Compur: 1/500 rẹ̀ ní sípíríǹgì tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà ẹ yí i sí 1/500 kí ẹ tó fà á, ẹ má yí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti fà á tán.

Ṣọ́tà aláṣọ ní ìwà tirẹ̀. Ti Zenit ni mo máa kọ́kọ́ sọ nítorí ó rọrùn: ẹ fà á ná, kí ẹ tó yí ìyára. Kọ́kọ́rọ́ ìyára rẹ̀ ń yí pẹ̀lú ṣọ́tà, àmì rẹ̀ kì í sì í bára mu bí ẹ kò bá tíì fà á. Ọ̀pọ̀ Zenit tí wọ́n ń pè ní òkú, ohun tó ṣe é kò ju ìyẹn lọ.

Lára K1000, kí ẹ tó fẹ̀sùn kan aṣọ, ẹ wo fóòmù tí dígí inú rẹ̀ ń gbá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún fóòmù yẹn á yọ́, á di ohun dúdú tó ń lẹ̀, dígí á lẹ̀ mọ́ ọn lókè, ẹ ó sì rò pé ṣọ́tà ló há. Ẹ fi ọtí 90° ilé oògùn lórí igi òwú ha á kúrò pátápátá, láìjẹ́ kó kán sórí aṣọ tàbí dígí, kí ẹ sì lẹ fẹ́ẹ̀lì tàbí fóòmù tuntun tó nípọn tó mílímítà méjì sí mẹ́ta.

Bí apá kan àwòrán bá ṣókùnkùn ní 1/1000 àti 1/500, ṣùgbọ́n tí 1/125 dára, ìyára aṣọ méjèèjì kò dọ́gba mọ́. Ìhà tí àléébù wà ló ń sọ aṣọ tó jẹ̀bi. Aṣọ méjèèjì ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì ń parí sí èkejì. Bí òpin ìrìn bá ṣókùnkùn, aṣọ kìíní ló ń lọ́ra, èkejì ń lé e bá, àlàfo àárín wọn sì ń dín kù. Bí òpin ìrìn bá mọ́lẹ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ, aṣọ kejì ni kò lè sáré mọ́. Nígbà tí ẹ bá ṣí ìsàlẹ̀ kámẹ́rà, ẹ máa rí kẹ̀kẹ́ eléyín méjì tí ìkọ́ kékeré di kọ̀ọ̀kan mú, tí wọ́n fi ń fún sípíríǹgì aṣọ. Ọwọ́ èèyàn máa ń yá láti fún wọn. Ẹ dúró ná. Aṣọ tó ń lọ́ra, ẹ̀gbin ló sábà ń fà á sẹ́yìn níbi tí ọ̀pá rẹ̀ ti wọ irin lókè àti nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fún sípíríǹgì lórí ẹ̀gbin, á yá fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti gbé ẹrù lé ọ̀já tó so aṣọ mọ́ ọ̀pá, ìyẹn ló sì máa já. Ẹ fi epo láítà fọ ẹnu ọ̀pá wọ̀nyẹn, ẹ fi orí abẹ́rẹ́ fi epo aago kàn wọ́n, ẹ tẹ ṣọ́tà ní bíi àádọ́ta ìgbà, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tíì dọ́gba, nígbà náà ni ẹ máa fún èyí tó lọ́ra ní eyín kan, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fún un ní òmíràn. Ẹ má jẹ́ kí ìkọ́ náà yọ lọ́wọ́ yín: bí sípíríǹgì bá tú tán, ẹ ti sọ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nù.

Ihò abẹ́rẹ́ lára aṣọ ń fi àmì funfun sí ojú kan náà nínú àwòrán. Ẹ yọ lẹ́ǹsì, ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ fi ìka gbé dígí sókè jẹ́jẹ́, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti iwájú kí ẹ sì máa wo ẹ̀yìn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì: bí ẹ kò bá tíì fà á, aṣọ kejì ló wà lójú, bí ẹ bá ti fà á, aṣọ kìíní ni. Ihò méjì mẹ́ta ṣe é dí pẹ̀lú ọ̀dà aṣọ dúdú tí ẹ po kó ṣàn, ìpele kan tó fẹ́lẹ́, kó gbẹ di ọjọ́ kejì pẹ̀lú aṣọ ní nínà. Bí ó bá nípọn, aṣọ kò ní lè ká mọ́ ọ̀pá, ẹ ó sì tún ti dá wàhálà ìyára sílẹ̀. Aṣọ tó bá ti le gbagidi, tó ń ya lójú gbogbo, ọ̀dà kò ràn án. Pípààrọ̀ rẹ̀ ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n ìwọ̀n gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu dé ìdajì mílímítà, etí irin aṣọ méjèèjì sì gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ láìwọ́. Ẹ kọ́ ọ lórí kámẹ́rà tí kò ní olówó ná.

Wíwọn ìyára kò ná èèyàn ní nǹkan kan. Fóònù tó ń ya fídíò ní fọ́tò 240 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tó fún ìyára kékeré. Ẹ ya ṣọ́tà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ ka iye fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ ti hàn: 240 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, 120 fún 1/2, 60 fún 1/4, 30 fún 1/8, 16 fún 1/15, 8 fún 1/30, 4 fún 1/60. Láti 1/125 lọ, fóònù kò ṣe é gbára lé mọ́. Ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ẹlẹ́yìn ńlá tí àwọn èèyàn ń jù nù ti wúlò. Ti ilẹ̀ wa ń fa ìlà 15,625 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá fi kámẹ́rà tó ní ṣọ́tà eléwé ya ojú rẹ̀, iye ìlà tó mọ́lẹ̀ nínú àwòrán ló ń sọ ìyára: bíi 260 fún 1/60, 125 fún 1/125, 62 fún 1/250, 31 fún 1/500. Ti ṣọ́tà aláṣọ kò ní hàn báyìí, ọ̀já ìmọ́lẹ̀ tó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ máa rí. Bí ìbú ọ̀já yẹn bá dọ́gba láti etí kan dé èkejì, aṣọ méjèèjì ń sáré bákan náà. Bí 1/500 Compur àtijọ́ bá já sí 1/400, ẹ má tìtorí rẹ̀ tú u mọ́. Nẹ́gátíìfù kò ní mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́, àpò awọ kọ́ ni ibùgbé rẹ̀. Awọ ń pa ọ̀rinrin ọ̀sà mọ́, lẹ́ǹsì á sì bu nínú rẹ̀. Àpótí ike tó dé dáadáa, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré agbọ̀rinrin tó ń bá bàtà tuntun wá, ló dára. Wọ́n máa ń fi ìrẹsì sí i, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ìrẹsì á padà di eruku nínú ẹ̀rọ. Ẹ má fi sílẹ̀ ní fífà, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìyára rẹ̀ lóṣooṣù.

Fíìmù àkọ́kọ́, ẹ fi ṣe ìdánwò nìkan. Dúdú-funfun ni kí ẹ lò, kí ẹ ya ògiri kan náà tí oòrùn kò kúrò lójú rẹ̀, láti 1/500 dé 1/30. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sún ìyára sílẹ̀ ní ìpele kan, kí ẹ pa ihò lẹ́ǹsì dé ní ìpele kan pẹ̀lú: 1/500 ní f/5.6, 1/250 ní f/8, 1/125 ní f/11, 1/60 ní f/16, 1/30 ní f/22. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń yà á. Nígbà tí ẹ bá fọ fíìmù, ó yẹ kí àwọ̀ gbogbo nẹ́gátíìfù náà dọ́gba. Èyí tó bá ṣú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣọ́tà pẹ́ jù ní ìyára yẹn. Èyí tó bá mọ́ gaara jù, ó yá jù tàbí ewé kò ṣí tán. Bí 1/60 àti 1/30 nìkan bá ṣú, ẹ̀rọ ìlọ́ra ṣì ní ẹ̀gbin, ẹ padà sídìí ìgò epo láítà.